Fóòmù kọ́ ló ń gbé ooru ẹ́ńjìnì wá bá ìdí yín

Bí ìjókòó alùpùpù bá ti ń gbóná mọ́ ènìyàn nídìí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé fóòmù rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Wọ́n á gbé e lọ bá ẹni tó ń rán síìtì, wọ́n á ní kó fi fóòmù tó nípọn kún un, kó sì tẹ́ bébà alumíníọ̀mù sábẹ́ rẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ooru ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, ìjókòó sì ti ga débi pé ẹsẹ̀ ẹni tí kò ga kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún alùpùpù tèmi rí. Ó dùn mí pé àwọn ènìyàn ṣì ń náwó sí i lójoojúmọ́, nítorí ooru náà kì í gba inú fóòmù wá rárá, àfi lórí ìwọ̀nba alùpùpù kan tí mo máa dárúkọ.

Nínú epo tí ẹ́ńjìnì ń jó, bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń di agbára tó ń yí táyà. Ooru ni gbogbo ìyókù. Òmíràn ń bá èéfín gba páìpù sàlẹ́ńsà jáde, òmíràn ń ti ara ẹ́ńjìnì bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Nínú mọ́tò, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti pátákó irin wà láàárín ẹ́ńjìnì àti awakọ̀. Lórí alùpùpù, orúnkún méjèèjì ló há sílíńdà, ibi tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì, mọ́ àárín, páìpù gbígbóná sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kọjá. Kò sí bí ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò ṣe ní gbọ́ ooru.

Ọ̀nà wo wá ni ooru yìí ń gbà débẹ̀? Afẹ́fẹ́ ló kún inú fóòmù, afẹ́fẹ́ tó sì dúró sójú kan kì í gbé ooru kiri. Ìdí nìyẹn tí ooru fi máa ń pẹ́ gan-an kó tó la fóòmù kọjá. Bí ìjókòó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ni yóò kọjá kí ooru abẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lókè, kó sì tó hàn tán, ó lè gbà tó wákàtí kan.

Ẹ wá ronú sí ìgbà tí ooru náà ń mú yín gan-an. Ẹ ti ń sáré bọ̀, ara yín balẹ̀. Ẹ bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ dúró, ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí itan yín ti ń gbóná. Ọ̀nà là, ẹ gbéra, ooru náà sì pòórá kí ẹ tó yí jíà sí ìkẹta. Ohun tó ń yára dé tó sì ń yára lọ bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ohun tó gba inú fóòmù wá. Fóòmù kò ní agbára àtigbé ooru wá kíákíá, kò sì ní agbára àtipàdánù rẹ̀ kíákíá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ni. Nígbà tí alùpùpù ń lọ, atẹ́gùn iwájú ń gbá a sẹ́yìn. Nígbà tó dúró, kò síbi tí yóò gbà bí kò ṣe òkè, òkè náà sì ni ìdí yín wà. Ooru tó ń ta láti ara páìpù, bí iná ààrò ṣe ń ta sí ẹni tó jókòó nítòsí rẹ̀, tún ń kún un láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń gùn ún á ní ìjókòó ló ń jó òun, nítorí ibẹ̀ ni ara rẹ̀ wà. À ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa lápalápá.

Ohun tó là mí lójú kò tóbi rárá. Mo gbé alùpùpù mi sórí sítáńdì, mo tan ẹ́ńjìnì rẹ̀, mo jẹ́ kó gbóná dáadáa, mo wá lóṣòó tì í. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá abẹ́ ìjókòó láti ẹ̀gbẹ́: ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo wá gbé ọwọ́ náà sí ibi tí táǹkì epo ti pàdé ìjókòó. Àlàfo kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, ooru ń tú jáde nínú rẹ̀ bí èémí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Mo fa tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ya, mo dì í mú sẹ́nu àlàfo náà. Ó dìde, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ sókè, kò sì yéé fẹ́ títí mo fi pa ẹ́ńjìnì. Kò sí fóòmù lójú ọ̀nà yẹn rárá. Ẹ̀gbẹ́ fóòmù ló ń gbà.

Àwọn tó ń ṣe alùpùpù mọ èyí tipẹ́. Lórí alùpùpù onísílíńdà méjì tó ya bíi V, sílíńdà ẹ̀yìn máa ń wà nísàlẹ̀ itan gan-an, ooru rẹ̀ sì lè pọ̀ jù nígbà tí alùpùpù bá dúró. Harley-Davidson kò fi fóòmù lé fóòmù láti yanjú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe lórí àwọn kan nínú alùpùpù wọn ni pé sílíńdà ẹ̀yìn yẹn á dẹ́kun iná jíjó fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnì bá gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Ducati ṣe irú rẹ̀ lórí alùpùpù wọn tó ń jẹ́ Multistrada V4. Orísun ooru ni wọ́n lọ bá.

Ìwọ̀nba tí mo ní mo máa dárúkọ ni àwọn tí sàlẹ́ńsà wọn wà lábẹ́ ìjókòó fúnra rẹ̀, bíi Ducati 916 tó jáde ní 1994, Honda CBR600RR ti 2003 àti Yamaha R1 ti 2004. Lórí irú ìwọ̀nyẹn, abẹ́ ìjókòó ń gbóná lóòótọ́, bí ìrìn bá sì gùn, ooru yóò là á kọjá. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, irin tí ń dá ooru padà láàárín sàlẹ́ńsà àti ìjókòó ló ń ranni lọ́wọ́ jù.

Ọ̀rọ̀ bébà alumíníọ̀mù gba àlàyé díẹ̀. Lóòótọ́, alumíníọ̀mù tó ń dán máa ń dá èyí tó pọ̀ jù padà nínú ooru tó ń ta sí i. Ṣùgbọ́n àlàfo ló fi ń ṣiṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóòmù lókè, tí ẹ sì tún gbé e lé ohun gbígbóná nísàlẹ̀, kò sí ooru tó ń ta mọ́ tí yóò dá padà; fífara kàn ni ooru fi ń kọjá, alumíníọ̀mù sì wà lára àwọn ohun tó ń gbé ooru kọjá jù lọ. Ẹ fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sílẹ̀ níhà tí ooru ti ń bọ̀, kí ẹ sì máa nu eruku ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó súnmọ́ orí bátìrì. Abẹ́ ìjókòó ni bátìrì ọ̀pọ̀ alùpùpù wà, bí bébà náà bá já bọ́ tó sì fara kan orí rẹ̀ méjèèjì, iná lè sọ.

Fóòmù àfikún tún ní ìyà tirẹ̀. Ènìyàn tó jókòó jẹ́jẹ́ ń tú ooru tó tó wọ́ọ̀tì 100 jáde lára, bíi gílóòbù àtijọ́ kan. Bí fóòmù bá ṣe nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru abẹ́ ìdí ṣe ń ráyè jáde tó kéré. Lẹ́yìn wákàtí kan, ooru tí ẹ ń bú ẹ́ńjìnì fún lè jẹ́ ti ara yín tó há síbẹ̀ pẹ̀lú òógùn. Ìbòrí onínẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá lábẹ́ ìdí wúlò ju fóòmù méjì lọ fún èyí. Bí lẹ́dà ìjókòó bá dúdú, tí alùpùpù sì ti wà nínú oòrùn, ẹ má wulẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ́ńjìnì tí kò tíì ṣiṣẹ́ lọ́rùn.

Dídí àlàfo àárín táǹkì àti ìjókòó ni mo máa kọ́kọ́ ṣe. Rọ́bà tí iná kì í tètè jó ni kí ẹ lò, kì í ṣe àkísà. Mo ti rí àkísà tí wọ́n kì sẹ́bàá ẹ́ńjìnì tí etí rẹ̀ ti ń dúdú. Ìgbà díẹ̀ ló kù kó gbiná. Ẹ má ṣe dí ẹnu ibi tí fílítà ti ń fa afẹ́fẹ́, ẹ má sì ṣe bo àwọn ewé irin tó yí sílíńdà ká. Ẹ fọ ẹrẹ̀ ara wọn kúrò, nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti ń mí. Ẹ wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó. Bí epo bá kéré jù sí afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fà, tàbí tí èéfín ń jò níbi tí páìpù ti so mọ́ sílíńdà, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Àwọn kan máa ń fi okùn tí iná kì í jó we páìpù. Ó ń dín ooru kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, páìpù sì lè dípẹtà lábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Bí alùpùpù yín bá jẹ́ èyí tó ń fi omi inú rẹdiétọ̀ tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, ẹ má sì jẹ́ kí fáànù rẹdiétọ̀ náà já yín láyà. Bí omi rẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí 100°C, ó máa ń tan fúnra rẹ̀, ó sì ń da ooru sẹ́yìn sí ẹsẹ̀ yín. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Iná pupa lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ tìtorí ẹ̀ dúró.

Mo yọ fóòmù tí mo fi kún tèmi, mo fi rọ́bà dí àlàfo náà, mo tún tan ẹ́ńjìnì, mo mú tíṣù wá. Kò mira. Ẹ̀gbẹ́ ni ooru ń gbà jáde báyìí, mo sì ń gbọ́ ọ lára orúnkún nígbà tí mo bá dúró pẹ́. Bí ìdúró náà bá ti fẹ́ gùn, mo máa ń pa ẹ́ńjìnì.