Ẹ̀jẹ̀ IL-6 kì í ṣe ẹrù tí a ń gbé ra ọjà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rá wá bá wa ní láàbù láti Láfẹ́nwá, ní Abẹ́òkúta níbí, tí ẹ tún ń yà ní Ìtòkú lọ wo àdìrẹ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ dé tán, oòrùn ti jó ẹ̀jẹ̀ náà gbóná, ẹ wá ní, "Antí Dókítà, ẹ bá wa yẹ immune wò." Immune wo? IL-6 ni dókítà kọ síwèé, ìyẹn purotéènì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ara fi ń ránṣẹ́ síra wọn bí àrùn bá wọ ara.

Antibody, ìyẹn purotéènì tó máa ń dì mọ́ ohun tí a fẹ́ wá gan-an, la fi ń mú un. Ọ̀kan ti lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo oníhò 96. Á gbá IL-6 mú nínú omi ẹ̀jẹ̀. A ó fọ àwo náà, a ó da antibody kejì sí i, èyí tó máa dì mọ́ ibòmíràn lára IL-6 kan náà. Ohun tí a so mọ́ antibody kejì yìí ló máa sọ omi tí a bá kán sí i kẹ́yìn di búlúù, ásíìdì á sì sọ ọ́ di yẹ́lò. Bí yẹ́lò náà bá ṣe ki tó ni IL-6 ṣe pọ̀ tó. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Köhler àti Milstein, ló rí ọ̀nà láti máa ṣe irú antibody bẹ́ẹ̀ láìlópin lọ́dún 1975; ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fi yẹ́ wọn sí ní 1984.

Ooru ni ọ̀tá antibody. Díígírì 2 sí 8 la ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí iná bá lọ báyìí, tẹmómítà fíríìjì ni mo kọ́kọ́ ń sáré lọ wò. Ẹ má sì sọ pé ká sọ ọ́ sí fírísà o. Kó dì, kó yọ́, kó tún dì, ohun tó ń bà á jẹ́ nìyẹn. Mi ò gbà fún ọmọ iṣẹ́ kankan kó ṣe bẹ́ẹ̀ ní láàbù mi.

Ẹ̀jẹ̀ tiyín náà ńkọ́? Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ò tíì kú. Bí a ò bá tètè yà wọ́n kúrò lára omi ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè máa tú IL-6 mìíràn jáde nínú ike yẹn, èsì á sì purọ́ mọ́ aláìsàn. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán, tààrà ni kẹ́ ẹ máa bọ̀.

Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ kékeré kiri Pánṣẹ́kẹ́ ló bí mi nínú jù. Wọ́n á ní kí ẹ di irin mú, ìwé á jáde pé "immune yín ti lọlẹ̀", wọ́n á sì ta àgúnmu. Ìyá kan mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ ti ń gbóná fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀rọ ní ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Nígbà tí mo rí ọmọ náà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù, kò dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Mi ò fa ẹ̀jẹ̀ kankan. Ilé ìwòsàn ni mo ní kí wọ́n gbé e sáré lọ. Kòkòrò àrùn ló ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Irin yẹn ò fa ẹ̀jẹ̀, kò ní antibody. Kí ló wá fi rí ohun tó kọ síwèé? Bí ara ọmọ yín bá ń gbóná, ẹ fi owó àgúnmu yẹn wọ mọ́tò lọ rí dókítà.