Tíkẹ́ẹ̀tì Oúnjẹ Rẹ̀ Dà? Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ Ìtàn Àròsọ Nípa Ṣáínà

Òmíràn tún ti wọlé o: ìtàn àròsọ tí ibùdó rẹ̀ jẹ́ Ṣáínà. Mo ṣí ewé àkọ́kọ́, mo bá bàbá onírùngbọ̀n funfun tó ń pòwe lábẹ́ igi, mo bá dírágónì lára ògiri, mo bá ọmọbìnrin tó ń ja kúnfú lórí òrùlé. Mo wá ọdún, n kò rí i. Mo wá ìlú, wọ́n ní “abúlé kan ní Ṣáínà.” Mo dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Bí a ṣe ń hun ìtàn kọ́ ni mo bá wá. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kó kọ ti àdúgbò rẹ̀ ná. Ọdún àti ìlú ni tèmi. Ní oṣù Kìíní, ilé ń móoru ní Beijing òde òní, torí páìpù ni wọ́n fi ń gbé ooru wọ ilé káàkiri ìgboro àríwá odò Huai. Ní Shanghai, tó wà ní gúúsù odò náà, kóòtù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ jẹun nínú yàrá wọn. Nínú ìwé tí ẹ ń kó wá fún mi, gbogbo wọn ló ń bọ́ kóòtù lẹ́nu ọ̀nà. Aago Beijing ni ìjọba fi ṣe aago gbogbo orílẹ̀-èdè náà, nítorí náà ní Kashgar, lápá ìwọ̀ oòrùn pátápátá, aago mẹ́sàn-án alẹ́ á lù nínú oṣù Keje, oòrùn kò tíì wọ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ilẹ̀ ti ṣú ní aago méje, ará ibẹ̀ á mọ̀ pé ẹ kò débẹ̀ rí, ẹ kò sì béèrè. Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, obìnrin kì í sì í gba orúkọ ọkọ. Ẹ tún ń jẹ́ kí ọmọdé pe ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ lórúkọ gan-an. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá!

Àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Láti 1955 títí di 1993, owó nìkan kò tó láti ra ìrẹsì tàbí ìyẹ̀fun ní ìgboro Ṣáínà. Ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pè ní liangpiao gbọ́dọ̀ bá owó rìn, títí kan abọ́ ìrẹsì kan ní búkà. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ni wọ́n fi ń pinnu ìpín rẹ̀ lóṣù: ẹni tó ń yọ́ irin á gbà ju akọ̀wé lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹkùn kan kò wúlò ní ẹkùn kejì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè wà lọ́tọ̀, lẹ́tà ibiṣẹ́ lèèyàn sì fi ń gbà á. Àwọn ará oko kò sí nínú ètò yìí. Ọkà ni wọ́n ń pín fún wọn lóko. Ìforúkọsílẹ̀ ìdílé, hukou, tí òfin 1958 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ará oko kò lè kàn jí lówùúrọ̀ kó ní òun ń kó lọ sí ìlú ńlá. Títí di 1998, ti ìyá ni ọmọ ń jogún: ọkùnrin Shanghai tó bá fẹ́ ọmọbìnrin abúlé, ará abúlé ni wọ́n á kọ ọmọ wọn sí. Ẹ wo ìtàn tó wà nínú ìyẹn nìkan!

Ọkùnrin kan gbé ìtàn ọdún 1974 wá. Mo yìn ín, ó kọ ọdún. Ọmọbìnrin Shanghai kan wà lára àwọn ọ̀dọ́ bíi mílíọ̀nù 17 tí ìjọba Mao kó láti ìgboro lọ sí oko. Abúlé kan ní Heilongjiang, ẹkùn tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá ìlà oòrùn, ló bá ara rẹ̀. Òtútù le, ó sá. Ó jẹun yó ní Harbin, olú ìlú ẹkùn náà, ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ó dé Shanghai, ó ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ.

Mo pè é. “Àbúrò, tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ rẹ̀ dà?”

“Ẹ̀gbọ́n, àròsọ kúkú ni.”

Orí mi gbóná. Òtẹ́ẹ̀lì tí kò ní gbà á láìsí lẹ́tà ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ tí wọ́n ti yọ kúrò nínú hukou Shanghai lọ́jọ́ tó lọ sí oko ńkọ́? Mo ní kó lọ wá ẹni tó fún ọmọ náà ní tíkẹ́ẹ̀tì, kó má padà wá láìrí i.

Nígbà tó padà, orí tuntun ló mú wá. Ìyá ọmọ náà ló ti ń febi pa ara rẹ̀, tó ń tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, tó rán wọn mọ́ inú aṣọ òtútù kó tó fi ránṣẹ́. Ọmọ délé. Ìyá ń bu ìpín èèyàn mẹ́ta sí abọ́ mẹ́rin. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wo abọ́ tirẹ̀, ó wo ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé igi ìjẹun sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Obìnrin àjọ àdúgbò wá kanlẹ̀kùn, ó ní òun kàn ní kí òun yà kí wọn ni. Gbogbo ilé mọ ohun tó wá wò.

Fíìmù kúnfú wo lẹ ti fẹ́ rí ìyẹn? Àwọn “olùkọ́” orí WhatsApp tó ń gbowó yín ní ìwádìí ń pa ìmísí, kí ẹ tan àbẹ́là, kí ẹ gbàdúrà, ìtàn á máa wá fúnra rẹ̀. Ìmísí tí kò mọ iye ìrẹsì inú abọ́! Àwọn mìíràn ní kí ẹ ní kí ẹ̀rọ kọ ọ́ fún yín. Ẹ̀rọ ọ̀hún ló ń kó bàbá onírùngbọ̀n yẹn wá. Èmi kì í kọ gbólóhùn kan nípa ìlú tí n kò tíì rí àwòrán ọjà rẹ̀ lọ́dún tí mò ń kọ. Wọ́n ní mo le jù. Mo le lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ará Ṣáínà kan fi ka ìwé mi tó ń béèrè ilé ẹni tí mo gbé dàgbà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí àgbàlagbà tó gbé ìgbà yẹn, ẹ má kọ́kọ́ bi í nípa òṣèlú. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n ń jẹ, ta ló ń lọ tò fún un, ibo ni wọ́n ń tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì sí.

Ẹni tí èyí bá wúwo jù fún lè kọ ti àwọn oníṣòwò wa ní Guangzhou, ìlú ńlá kan ní gúúsù Ṣáínà, ní àdúgbò Xiaobei tàbí Sanyuanli. Ìyẹn náà ní òfin tirẹ̀: àjèjì tí kò bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Ẹ̀dá ìtàn yín tó ń sùn kiri ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ti rúfin kí orí kìíní tó parí.

Ẹ wá gbọ́ o. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé, tó wá sọ tirẹ̀ fún yín, ẹ kò gbọdọ̀ fi orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀ tàbí ọjà tó ń tà sínú ìwé, bó ti wù kó dùn tó. Mo mọ òǹkọ̀wé kan tó kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, títí kan nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tà. Kó tó pẹ́, ọkùnrin tó sọ ìtàn fún un ti palẹ̀ ẹrù mọ́ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sì gbé fóònù òǹkọ̀wé náà mọ́. Ẹ yí ọjà padà, ẹ yí àdúgbò padà. Tó bá gba pé kí ẹ yí ọdún pàápàá, ẹ yí i, àmọ́ ẹ lọ ka òfin ọdún tuntun náà kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi.