Kẹ́ ẹ tó da pọ́ọ̀dà sínú omi ọmọ àgùntàn

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí: "Dókítà, pọ́ọ̀dà wo la lè pò mọ́ omi káwọn ọmọ àgùntàn wa tètè tóbi?" Èmi náà á bi wọ́n pé omi yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó mọ́? Àgùntàn kì í fẹ́ mu omi tó ń rùn tàbí tí ìgbẹ́ ti bọ́ sí, tí ò bá sì mumi kò ní jẹun, ibẹ̀ ni ìdàgbà ti máa dúró. Àwọn kan ní èyí tó ṣì ń mu ọyàn ò nílò omi, kò rí bẹ́ẹ̀ o, láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni kẹ́ ẹ ti gbé omi tó mọ́ sílẹ̀ fún un nínú abọ́ tí ò jìn, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí wọ́n máa po gbogbo nǹkan mọ́ omi ni pé ẹ ò lè mọ iye tí ẹyọ kan mu. Tí oòrùn bá mú wọ́n á mu púpọ̀, tójú ọjọ́ bá tutù wọ́n á fẹnu kàn án lásán, èyí tó ń ṣàìsàn tó nílò ẹ̀ gan-an ò tiẹ̀ ní débi omi. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún èyí tó ń ṣu gbuuru dáa, fún ọjọ́ mélòó kan. Mínírà àti fítámì, inú oúnjẹ ni kẹ́ ẹ fi sí.

Wàrà àkọ́kọ́ tó ki dáadáa lára ìyá ló ṣáájú gbogbo ẹ̀, kọ́mọ mu ún kí wákàtí 2 tó pé, bíi 50 mílílítà fún kílò kan, ọmọ kílò 4 á mu 200. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ṣe ọgbà kékeré tọ́mọ á lè gba àlàfo ẹ̀ wọlé tí ìyá ò ní lè gbà á, ẹ gbé àgbàdo fífọ́ àti sóyà tí wọ́n ti fún òróró ẹ̀ síbẹ̀, kí purotéènì ẹ̀ tó bíi 16 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Wàrà kì í dúró nínú ṣàkì, ìyẹn ikùn àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tí àgùntàn ní, ikùn kẹrin ló ń lọ tààrà, oúnjẹ líle yìí ló ń jí ṣàkì dìde. Díẹ̀díẹ̀ ni o, tí ọkà bá pọ̀ lójijì ikùn á kan, ẹran á kú. Ẹ má sì fi yùríà, kẹ́míkà tí wọ́n máa ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran tó ti dàgbà, sí i, ṣàkì wọn ò tíì lágbára ẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti kọ́pà, mínírà kan tó máa ń pọ̀ nínú oúnjẹ màlúù. Mo ti rí agbo tí wọ́n fi mínírà màlúù tọ́, ara gbogbo wọn ń dán, inú ẹni tó ni wọ́n ń dùn, lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni funfun ojú wọn ṣàdédé di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ wọn dúdú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àgùntàn ò lè lé kọ́pà jáde bíi màlúù, inú ẹ̀dọ̀ ló ń kó o pa mọ́ sí, tó bá kún ó máa ya sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ màlúù, ti ẹlẹ́dẹ̀, ti adìyẹ, ti ewúrẹ́ pàápàá, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, mínírà tí wọ́n bá kọ àgùntàn sára àpò ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ rà.

Fáwọn akọ, mínírà méjì ni kẹ́ ẹ wò nínú oúnjẹ wọn, kálísíọ̀mù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òkúta lè dí ojú ìtọ̀ wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tọ́mọ kan ò ṣì dàgbà, ẹ má tíì sáré lọ ra pọ́ọ̀dà. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú ẹ̀ wò, tí inú ẹ̀ bá funfun dípò kó pọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló wà níkùn ẹ̀, òògùn aràn ló nílò, ẹ sì wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fún un kẹ́ ẹ lè mọ ìwọ̀n tó yẹ.