Pọ́líìṣì ń bó o, wáàsì ń bò ó: èwo ni mọ́tò yín ń fẹ́?

Ẹ lọ dúró ní oríta Ọláìyá l'Óṣogbo níbí lọ́sàn-án gangan, kẹ́ẹ máa wo àwọn mọ́tò dúdú tó ń kọjá nínú oòrùn. Ẹ máa rí àwọn ilà tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń yípo bí òwú aláǹtakùn, pàápàá lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó dìídì fi nǹkan ya á o, àkísà tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ló ṣe é, yanrìn tó há sára àkísà yẹn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń torí ilà yìí ra wáàsì, wọ́n á kùn ún, mọ́tò á dán fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ni ilà bá tún yọjú, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn. Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, ọjà wa la kúkú ń sọ yìí, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ojúlówó ni, iṣẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀ ni wọ́n gbé fún un.

Ọ̀dà ara mọ́tò ìsinsìnyí kì í ṣe ẹyọ kan. Práímà ló wà lórí irin, àwọ̀ tí à ń fojú rí ló tẹ̀ lé e, lórí gbogbo ẹ̀ ni wọ́n wá fọ́n ọ̀dà kan tí ò láwọ̀ sí, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, òun làwọn pẹ́ńtà ń pè ní klíà. Klíà yìí ló ń dán, òun náà ni ilà ń há sí, kò sì nípọn rárá, máíkírọ́ọ̀nù bíi 40 sí 60 ni, irun orí èèyàn ẹyọ kan sábà máa ń nípọn jù ú lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ni kẹ́ni tó gbé masíìnì tí wọ́n fi ń ra pọ́líìṣì dé ìdí mọ́tò yín.

Pọ́líìṣì ní nǹkan tó dà bíi yanrìn nínú, ó kàn kúnná débi pé bí òróró ló ṣe máa ń rí lọ́wọ́ ni. Tẹ́ẹ bá fi ń ra klíà, ńṣe ló ń fá etí àwọn ilà yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ojú ẹ̀ fi máa tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ á wá padà lójú kan dípò kó máa ta káàkiri. Ìlú aró la wà, ẹni tó bá mọ aṣọ tí wọ́n fi olúgbọ́ǹgbọ́ lù títí tó fi ń kọ mànà, ó ti mọ̀ pé lílù tó mú kí òwú tẹ́ pẹlẹbẹ ló jẹ́ kó dán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti pọ́líìṣì, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé aṣọ ò dín kù, klíà ń dín kù, kì í sì í hù padà bí irun. Kọ̀mpáùn wá ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, yanrìn tiẹ̀ rí gbàngbà, ó ń fá ju pọ́líìṣì lọ. Àwọn mọ́tò tí orí rúùfù wọn ń bó bíi ẹni tó ní làpálàpá yẹn, oòrùn ló sábà máa ń ṣe é, àmọ́ kọ̀mpáùn àkùnjù máa ń bá oòrùn sáré.

Wáàsì ò fá nǹkan kan, ńṣe ló kàn máa jókòó sórí klíà. Èyí tí wọ́n ń pè ní carnauba, ara ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil ni wọ́n ti ń rí i, ọ̀pẹ yẹn ló fi ń bo ewé ẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi ara ẹ̀ gbẹ. Ó máa ń jẹ́ kí mọ́tò dúdú tàbí aláwọ̀ wáìnì jinlẹ̀ lójú gan-an, ó kàn jẹ́ pé kì í pẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí bí oṣù méjì. Sílàǹtì, ìyẹn wáàsì tí wọ́n ń pò nílé iṣẹ́, máa ń lò tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀ torí oòrùn tiwa. Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ ń sùn níta, tí ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí i lórí lábẹ́ dóńgóyárò, kó ra sílàǹtì jàre.

Kẹ́ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ fọ mọ́tò kó mọ́, ẹ ti ọwọ́ bọ náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì, kẹ́ẹ rọra fi ra bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìka lásán lè sọ pé ó ń yọ̀, náílọ́ọ̀nù á sọ òótọ́. Tó bá ń họ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, oje igi àti èérí tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ló wà níbẹ̀, amọ̀ ìfọmọ́tò ni wọ́n fi ń mú un kúrò, pẹ̀lú omi ọṣẹ, kó tó kan pọ́líìṣì. Tí amọ̀ yẹn bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú nù, ẹ má ní ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi èékánná wọ́ orí ilà tó bá jìn jù, tí èékánná bá há, pọ́líìṣì ò lè pa á rẹ́ láìmú klíà lọ jù, ti pẹ́ńtà nìyẹn. Mọ́tò àtijọ́ tí ò ní klíà wà náà, tẹ́ẹ bá fi aṣọ funfun àti pọ́líìṣì ra á, àwọ̀ mọ́tò lẹ máa rí lára aṣọ.

Pọ́líìṣì tó kúnná jù ni kẹ́ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní ojú kan ṣoṣo tẹ́ẹ fi tẹ́ẹ̀pù pààlà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tó bá ti tó, ó tó nìyẹn. Orúkọ ara ike ò ṣeé gbára lé: wáàsì kan wà tí wọ́n kọ «cleaner» mọ́, yanrìn wà nínú ẹ̀, pọ́líìṣì míì sì wà tó jẹ́ òróró ló pọ̀ nínú ẹ̀, ilà ló ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn ike. Masíìnì tó ń yí lójú kan ṣoṣo máa ń gbóná, etí ilẹ̀kùn ló sì máa kọ́kọ́ jẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kó fi fóòmù àti ọwọ́ ṣe é, bó tiẹ̀ máa ro ó lápá.

Ẹ nu òróró pọ́líìṣì kúrò kẹ́ẹ tó kun wáàsì, kó lè lẹ̀. Abẹ́ ibòòji ni, ní àárọ̀, kí irin tutù, kí wáàsì fẹ́lẹ́, àkùnpọ̀ kì í mú kó pẹ́ sí i, wàhálà nínù lásán ni. Ẹ yẹra fún àwọn rọ́bà dúdú etí mọ́tò, funfun tó máa ń kù síbẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀. Mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, ẹ bi pẹ́ńtà ìgbà tó máa gbẹ dénú.

Ọṣẹ ìfọṣọ ló sábà máa ń pa wáàsì, ṣámpù mọ́tò ni kẹ́ẹ lò, tó bá sì di àsìkò ọyẹ́, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku o, ilà tuntun lẹ ń fà. Tí òjò bá rọ̀, ẹ wo omi lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ń dì róbótó bíi ti orí ewé kókò, wáàsì ṣì wà níbẹ̀. Tó bá ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti lọ, wáàsì nìkan lẹ máa kùn padà.