Ọmọ tó dákẹ́, ṣé ọkàn ẹ̀ balẹ̀ ni? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mo fi ọmọ mi sílẹ̀ sọ́dọ̀ màmá mi n'Íbàdàn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún kan àtààbọ̀, mo lọ ṣiṣẹ́ care ní England, ó lé lọ́dún kan kí n tó ráyè wálé. Màmá ní ó sunkún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, pé nígbà tó yá ó ti gbàgbé, ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Ọjọ́ tí mo dé, ńṣe ló wò mí bí àlejò, ó sá sẹ́yìn màmá. Kí ni mo fi ṣe ọmọ yìí?

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo mọ̀ pé ó dunni wọra, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọmọ ti kórìíra yín. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn, àwọn kan ti rí i tipẹ́. Lọ́dún 1948, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Robertson bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú dókítà John Bowlby ní Tavistock Clinic ní London, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa lọ wo àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n dá dúró sọ́sibítù, nítorí láyé ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ ọsibítù ní Britain ò fẹ́ rí òbí nítòsí, ibòmíì ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n lè wá wo ọmọ wọn.

Robertson rí i pé àwọn ọmọ yìí á kọ́kọ́ figbe ta, wọ́n á máa mi bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá yá, á rẹ̀ wọ́n wálẹ̀, wọn ò ní fẹ́ jẹun, wọn ò ní fẹ́ ṣeré. Tó bá wá pẹ́ sí i, wọ́n á tún dà bí ẹni tára ẹ̀ ti yá, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo nọ́ọ̀sì, tí ìyá bá wá dé wọn ò ní kà á sí. Ìgbà yìí gan-an làwọn nọ́ọ̀sì máa ń sọ pé ọkàn ọmọ ti balẹ̀. Robertson ní rárá o, ọmọ yìí ti sọ̀rètí nù ni, ó ti gbé ọkàn kúrò lára ìyá ẹ̀ kó má baà tún dùn ún mọ́.

Nígbà táwọn dókítà ò gbà á gbọ́, ó gbé kámẹ́rà, ó ya fíìmù ọmọbìnrin kan tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, tó lo ọjọ́ mẹ́jọ lọ́sibítù nítorí iṣẹ́ abẹ ìdodo. Ọdún 1952 ni fíìmù náà jáde. Ọmọ tó máa ń kó ara ẹ̀ níjàánu ni, ẹkún ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ láàárín eré á kàn ṣàdédé bèèrè mọ́mì ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó kó ẹrù ẹ̀ dání, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, kò jẹ́ kí ìyá di òun lọ́wọ́ mú. Ọ̀rọ̀ yìí ò tán ńlẹ̀, nígbà tó di 1959 ìgbìmọ̀ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Platt sọ pé kí àwọn ọsibítù fàyè gba òbí láti máa wá wo ọmọ wọn nígbàkigbà.

Ìbéèrè: Ó dáa, kí ni kí n wá ṣe báyìí?

Ẹ má fà á tipátipá kúrò lẹ́yìn màmá. Màmá lẹni tó mọ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ màmá ló ń sá sí tẹ́rù bá bà á. Ẹ jókòó sílẹ̀ nítòsí, ẹ máa bá màmá sọ̀rọ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín, kí ọmọ fojú ara ẹ̀ rí i pé èèyàn màmá lẹ jẹ́. Ẹ jọ wẹ̀ ẹ́, ẹ jọ fún un lóúnjẹ. Tó bá di pé ó ń bínú sí yín, tó ń gbá yín lọ́wọ́, tó tún ń lẹ̀ mọ́ yín débi pé ẹ ò lè dá wọ ilé ìwẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má sọ pé ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, ọkàn ẹ̀ ló ń padà sọ́dọ̀ yín yẹn.

Ohun tí mi ò fara mọ́ rárá ni ká máa yọ́ lọ nígbà tọ́mọ bá ń sùn lọ́wọ́. Ẹ sọ fún un, ẹ jẹ́ kó sunkún, kó mọ̀ pé èèyàn lè lọ kó sì padà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mú un lọ sí England, ẹ rántí pé màmá ni ọmọ tún fẹ́ pàdánù báyìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ríra lórí fídíò WhatsApp, kẹ́ ẹ sì máa dárúkọ màmá fún un lójoojúmọ́.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀rọ̀ òyìnbó kọ́ nìyí ṣá? Nílé tiwa, ọmọ kì í ṣe ti ẹnì kan.

Mo gbà, àmọ́ Afíríkà yìí náà ni wọ́n ti tètè lọ wo ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní. Mary Ainsworth, tóun náà ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, wà ní Uganda láti 1954 sí 1955, ó ń lọ sílé ìdílé 26 láwọn abúlé tó sún mọ́ Kampala, á jókòó, á máa wo ìyá àtọmọ. Ọwọ́ púpọ̀ ló ń gbé àwọn ọmọ ẹ̀yà Ganda yìí, síbẹ̀ wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń sá tọ̀, tẹ́ni náà bá sì dé, àwọn míì á bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan wà tí bàbá tàbí ìyá àgbà náà mọ́ lára. Ainsworth ṣàkíyèsí pé ìyá tó bá lè sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ kínníkínní, tó mọ ohun tọ́mọ fẹ́ àti ohun tí ò fẹ́, ọmọ irú wọn lọkàn ẹ̀ máa ń balẹ̀.

Torí náà ọwọ́ púpọ̀ ò burú, ọwọ́ tó ń yí padà ṣáá ló ń ba nǹkan jẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ mẹ́rin lọ́dún kan, èyí tọ́mọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ẹ ti lé e lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rò ó dáadáa. Ẹ wo Romania, lẹ́yìn tí ìjọba Ceausescu ṣubú lọ́dún 1989, wọ́n bá àwọn ọmọ rẹpẹtẹ nílé ọmọ aláìlóbìí, àwọn òṣìṣẹ́ ń fún wọn lóúnjẹ, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ tiwọn. Àwọn onímọ̀ kan wá mú ọmọ 136 ní Bucharest, wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tó gbà wọ́n tọ́. Àwọn tó débẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì lọ̀rọ̀ wọn dáa jù, àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀ náà rí àǹfààní, ṣùgbọ́n ò tó tàwọn yẹn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi kì í sunkún rárá tí mo bá gbé e sí kíréṣì, tí mo bá sì dé kì í sáré wá. Ọmọ tó gbọ́n nìyẹn, àbí?

Ó lè jẹ́ ìwà ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ò rí bákan náà. Àmọ́ ẹ má kàn fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣèdájọ́. Nígbà tí Ainsworth dé Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó ṣètò yàrá kan tí ìyá á ti jáde díẹ̀ táá sì padà wọlé, ìpadàwọlé yẹn gan-an ló sì fojú sí jù. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n á ṣe bíi pé àwọn ò rí i, wọ́n á máa bá eré wọn lọ. Lọ́dún 1977 ni àwọn onímọ̀ méjì, Sroufe àti Waters, kọ ọ́ jáde pé àwọn ti wo bí àyà irú àwọn ọmọ yìí ṣe ń lù, àyà wọn ń sáré o, ojú wọn nìkan ni ò fi hàn.

Ìbéèrè: Wọ́n fi bàbá mi sọ́dọ̀ òyìnbó ní Kent nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ní nǹkan bí ọdún 1965. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti lọ́mọ, síbẹ̀ wọn kì í sọ̀rọ̀ òbí wọn, tẹ́nikẹ́ni bá sunkún nílé ńṣe ni wọ́n máa ń dìde jáde. Ṣé ó ṣì wà lára wọn ni?

Ó ṣeé ṣe dáadáa. Láàárín 1950s sí 1970s, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wá kàwé ní Britain, àwọn tó ń kọ́ lọ́ọ̀yà, nọ́ọ̀sì, akáǹtáǹtì, iṣẹ́ lọ́sàn-án ìwé lálẹ́, lanlọ́ọ̀dù ò fẹ́ ọmọ nínú yàrá ẹ̀, wọ́n á wá fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tó máa báwọn tọ́mọ. Òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí wọ́n bí ní London lọ́dún 1967, wà lára wọn, ìlú Tilbury ní England ni wọ́n fi í sí. Mi ò ní bú àwọn òbí yẹn láé. Bá a ṣe ń fọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n nílé ni wọ́n rò pé ó rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ń gbọ́ èdè ilé ẹ̀, wọ́n ń fi oríkì kí i, ó mọ ọmọ ẹni tóun jẹ́. Èyí tó wà ní Kent ò ní ìyẹn, lọ́jọ́ tí òbí sì wá mú un lọ sí Èkó, ó fi ìyá kan ṣoṣo tó mọ̀ sílẹ̀ láti tẹ̀ lé àwọn tí ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n já a gbà.

Lọ́dún 1987, àwọn onímọ̀ méjì, Hazan àti Shaver, fi ìbéèrè sínú ìwé ìròyìn kan ní Denver, Amẹ́ríkà, nípa ìfẹ́ láàárín àgbàlagbà. Ó lé ní ìdajì tó ní ọkàn àwọn balẹ̀ lọ́dọ̀ olólùfẹ́, àwọn kan ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi àwọn sílẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin sì ní ara àwọn kì í gbà á kí èèyàn sún mọ́ àwọn jù. Kì í ṣe àyànmọ́ o. Onímọ̀ kan, Mary Main, tó ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe wọn rí i pé ẹni tójú ẹ̀ ti rí màbo, tó bá ti lè sọ ìtàn náà tó lórí tó nídìí, ibi tó dáa àti ibi tó burú, ọmọ tirẹ̀ lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹ má fi ìbéèrè há bàbá mọ́. Ẹ bèèrè orúkọ òpópónà tí wọ́n gbé, ohun tí wọ́n máa ń jẹ lọ́jọ́ Sunday, bóyá fọ́tò kan wà. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dákẹ́, ọjọ́ mìíràn ń bẹ.

Ìbéèrè: Màmá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àìsàn ìgbàgbé ń bá wọn jà, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á máa pe ìyá wọn tó ti kú tipẹ́. Ṣé ká máa rán wọn létí pé ó ti kú?

Rárá o. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa gbọ́ òfò náà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa, tí ẹ̀rù bá ba àwọn tó ní àìsàn yìí tí ibi tí wọ́n wà ò sì yé wọn, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ sá tọ̀ láyé ni wọ́n máa ń wá. Ẹ wò ó bóyá ebi ń pa wọ́n, bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, bóyá òkùnkùn yàrá ló ń dẹ́rù bà wọ́n, kẹ́ ẹ tan iná kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ wá bi wọ́n pé, "Màmá, irú ọbẹ̀ wo ni ìyá yín máa ń sè?" kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ títí. Tó bá jẹ́ pé òjijì ni ìpè yìí bẹ̀rẹ̀, tàbí ara wọn gbóná, ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò.