Oògùn Èébì: Èwo Ni Ti Ọkọ̀?

Ní gáréèjì Jábì, níbi tí àwa tí à ń gbé Àbújá ti ń wọ ọkọ̀ lọ sílé nígbà ọdún, ẹ ó rí ìyá tó ti mú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó mọ̀ pé ọmọ òun máa bì kí wọ́n tó dé Àbájí. Oògùn wà fún un, àmọ́ kì í ṣe gbogbo oògùn èébì ló kan ọkọ̀.

Inú etí lọ́hùn-ún ni èébì ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ikùn. Omi kan wà níbẹ̀ tó ń mì bí ara bá ti ń mì. Òun ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé a yà, pé a já sí kòtò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó tẹjú mọ́ fóònù kò rí ohun tó ń lọ. Etí ní à ń lọ, ojú ní a jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá bára mu, òòyì a dé, itọ́ a kún ẹnu, èébì a tẹ̀lé e.

Kẹ́míkà inú ara méjì, histamine àti acetylcholine, ló ń gbé ìròyìn yìí láti etí lọ sí ọpọlọ. Àwọn oògùn tó ń dí wọn lọ́nà ni ti ọkọ̀: promethazine (Phenergan), cinnarizine àti hyoscine hydrobromide. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ yẹn tán: hyoscine butylbromide, ìyẹn Buscopan, inú rírun ló wà fún.

Ọ̀tọ̀ ni ondansetron, oògùn èébì mìíràn. Kẹ́míkà serotonin ni ó ń dí, èyí tí ìfun ń tú jáde nígbà tí oògùn jẹjẹrẹ bá ń dà á láàmú. Iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe fún aláìsàn jẹjẹrẹ, kò sì wúlò fún èébì ọkọ̀. Metoclopramide, tó ń dí kẹ́míkà dopamine, kò wúlò fún un bákan náà, ó sì lè mú kí ọrùn ọmọ lọ́. Ẹ má fún ọmọ láìrí dókítà.

Kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ ni à ń lo oògùn èébì ọkọ̀: cinnarizine, ó tó wákàtí 2 ṣáájú. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ikùn kì í tètè jẹ́ kí oògùn kọjá mọ́. Gbogbo wọn ló ń kunni lóorun, nítorí náà awakọ̀ kò gbọdọ̀ lò ó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọdọ̀ fẹnu kan promethazine, torí ó lè dí èémí rẹ̀. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síbi tí yóò ti máa rí ọ̀nà níwájú, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.