Ẹ fọ ṣéènì ọ̀kadà yín kí ẹ tó da ọ́ìlì sí i

Àwọn tó ń gbé èrò láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàkà ní Àkúrẹ́ àti àwọn tó ń kó kòkó bọ̀ láti oko Ìdànrè, ohùn kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún mi: àwọn kì í fi ọ́ìlì du ṣéènì. Bí mo bá wá bèèrè irú ọ́ìlì tó jẹ́, kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ni, ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á dà á lé ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ṣéènì lórí, ariwo á sì rọlẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ariwo nìkan ló rọlẹ̀ o. Ṣéènì ṣì ń jẹ lọ ní tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo inú rẹ̀. Abẹ́ rólà kọ̀ọ̀kan tó ń gun eyín sípírókẹ́ẹ̀tì, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí, ni búùṣì, irin oníhò kékeré, wà; inú búùṣì ni pínnì wà. Hans Renold, ẹlẹ́rọ ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Manchester, ló gbé irú ṣéènì yìí jáde ní ọdún 1880, ibi tó sì ti ń jẹ láti ìgbà náà kò tíì yí padà: àárín pínnì àti búùṣì ni. Bí ṣéènì bá gùn sí i, kì í ṣe pé irin rẹ̀ fà. Ojú ìsopọ̀ bí 100 ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jẹ díẹ̀, ìyẹn ló para pọ̀ di gígùn tí ẹ ń rí. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ọ́ìlì dé. Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ti kó èérí àti ìyẹ̀fun irin wá láti inú ẹ́ńjìnnì. Tó bá pàdé eruku pupa lásìkò ọyẹ́, á máa lọ pínnì bí ọmọ ọlọ ṣe ń lọ ata. Gíríìsì náà kò sàn jù ú lọ. Ó ki jù, ìta ló ń dúró sí, iyanrìn ló sì ń kó jọ.

Kẹrosíìnì díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó àti àkísà tó mọ́ ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má lo pẹtiróòlù: iná kì í pẹ́ ràn mọ́ ọn, ó sì máa ń ba òrùka rọ́bà tó wà lára ṣéènì àwọn alùpùpù ńlá kan jẹ́. Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáńdì àárín kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ fi gíà sí fírì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì kí ṣéènì lè máa yí fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ ń fọ̀ ọ́. Bí àkísà bá há sáàárín ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì, ìka ló máa tẹ̀ lé e, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yára tó. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí táyà.

Ẹ fọ inú, ìta àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì kán sí búréèkì. Ẹ nù ún, kó gbẹ dáadáa.

Ọ́ìlì gíà, SAE 90, ni èmi ń lò. Kò wọ́n, ó sì ń dúró. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tí ṣéènì ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Inú ṣéènì, apá ìsàlẹ̀ tó kọjú sókè, ni kí ẹ máa kán an sí, níbi tí àwọn irin pẹlẹbẹ ti gun ara wọn, nítorí bí ṣéènì bá ń yí, ìta ló ń ju ọ́ìlì sí, á sì gba àárín pínnì àti búùṣì kọjá. Ẹ yí táyà lọ́pọ̀ ìgbà. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ fi àkísà nu èyí tó kù lára rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìfiṣòfò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà níta kò wúlò ju kó mú eruku lọ. Nǹkan bíi 500 kìlómítà síra ni kí ẹ máa ṣe é. Fún ẹni tó ń fi ọ̀kadà jẹun, bí ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Lásìkò òjò, bí ẹ bá ti gba inú ẹrẹ̀ kọjá, ẹ má dúró dọjọ́ kankan.

Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí i tí wọ́n ń tú ìbòrí ṣéènì sọnù torí pé ó ń mì. Ẹ so ó le, ẹ má yọ ọ́. Kò sí ọ́ìlì tó lè ṣe iṣẹ́ ìbòrí yẹn fún yín.

Bí ṣéènì ṣe le sí náà ṣe pàtàkì, pàápàá fún ẹni tó ń ru àpò kòkó. Lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, bí ẹ bá fi ìka ti àárín ṣéènì sókè sódò, ó yẹ kó lọ tó 20 sí 30 mílímítà. Bí ẹrù bá wọ ọ̀kadà, ṣọ́ọ̀kì á wọlẹ̀, ṣéènì á sì tún le sí i. Èyí tí ẹ fà le gbọingbọin nígbà tí ẹrù ò sí, bíárìn ló ń fìyà jẹ, ó sì lè já lójú ọ̀nà, kó dá táyà dúró lójijì.

Ìgbà tó bá yá, ọ́ìlì ò ní ràn án mọ́. Lórí ṣéènì tí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 428, pínnì sí pínnì jẹ́ mílímítà 12.7, nítorí náà àlàfo 20 jẹ́ 254. Tó bá ti kọjá 259, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú àti ẹ̀yìn, torí eyín tó ti jẹ yóò yára ba tuntun jẹ́. Bí ẹ bá ń de lọ́ọ̀kì rẹ̀, ìyẹn ojú ìsopọ̀ tí kílíìpù fi ń di ṣéènì pọ̀, ibi tí ẹnu kílíìpù ti là gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ṣéènì ń yí lọ, kí nǹkan kan má baà kọ́ ọ yọ.

Kẹrosíìnì dúdú tó kù, ẹ má dà á sí gọ́tà, torí odò ló máa ń ṣàn lọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ fún àwọn tó ń ra kọ̀ndẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́ mẹ́káníìkì.